Bí A Ṣe Ń Gba Ìtàn Òpin Ìjọba Òyìnbó Sílẹ̀ Lẹ́nu Àwọn Àgbà Tó Rí I

Bàbá bàbá mi wà láyé ní òru tí wọ́n sọ àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì fa ti Nàìjíríà sókè bí ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960 ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo mú ìwé àti kálàmù lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀, mo sì béèrè pé níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí a gba òmìnira. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n ní, "Oko ni mo wà, ọmọ mi." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì pa ìwé dé. Wọ́n ti papò dà tipẹ́ kí ó tó yé mi pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí fún mi, tí èmi kò sì wọlé. N kò béèrè ẹni tí ó ni oko náà, ohun tí wọ́n ń gbìn sí i, ẹni tí ó ń rà á lọ́wọ́ wọn, irú owó tí ó fi ń rà á, ọjọ́ tí ìròyìn òmìnira tó dé oko, àti ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn nígbà tí ó dé.

Nítorí àṣìṣe yẹn ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ òmìnira ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa báyìí, ẹni tí ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó orí fún ìjọba amúnisìn ti lé ní ọgọ́rin. Ìtàn àwọn tí ó jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Paris àti ní Èkó láti dúnàá-dúrà wà nínú ìwé, ẹni tí ó bá wá a yóò rí i. Èyí tí kò sí nínú ìwé ni bí ìjọba náà ṣe kúrò ní agbo ilé kan, ní ọjà kan, ní kóòtù ìbílẹ̀ kan. Òun ni a ó máa wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ egungun ìtàn náà

Ẹ má ṣe lọ bá àgbà láìmọ ohunkóhun. Kì í ṣe kí ẹ lè fi ìmọ̀ hàn wọ́n, nítorí ẹni tí ó bá ń fi ìmọ̀ han àgbà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu wọn. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sí nígbà tí wọn kò bá dárúkọ ọdún. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ pàtàkì sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ ká a sínú àpò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ogun tí àwọn ará ilé wa ń pè ní ogun Hítílà, láti 1939 dé 1945, nítorí òun ni ó ṣẹ́ àwọn ìjọba amúnisìn lẹ́yìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde nínú rẹ̀ tòun ti gbèsè ńlá lọ́rùn. Faransé ti ṣubú sọ́wọ́ Jámánì ní 1940, gbogbo ayé sì rí i. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ jà ní Bọ́mà padà wálé lẹ́yìn tí wọ́n ti rí òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà, tí ebi ń pa, tí ó ń kú bí ẹnikẹ́ni. Ní 1945 kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ọkọ̀ ojú irin da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, tí orúkọ Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, gba ìgboro kan. Íńdíà gba òmìnira ní 1947, Gánà gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, nígbà tí ó sì di 1960, ilẹ̀ mẹ́tàdínlógún ní Áfíríkà ni ó bọ́ lọ́wọ́ amúnisìn láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Fún ilẹ̀ Yorùbá lápá Nàìjíríà, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí: ìwé òfin 1947, 1951 àti 1954, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi agbára díẹ̀ lé àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, ìjọba ara-ẹni tí Ìwọ̀-Oòrùn gbà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1957, ìdìbò oṣù kejìlá 1959, òmìnira fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1963, tí a kò ka Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí olórí wa mọ́. Lápá Faransé, ẹ kọ òfin 1946 tí ó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ìdìbò ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1958, nínú èyí tí Gínì nìkan sọ fún Faransé pé rárá, tí Dàhòmì àti àwọn yòókù sì gbà láti dúró díẹ̀ sí i. Ọjọ́ 4 oṣù kejìlá 1958 tí wọ́n kéde Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dàhòmì lábẹ́ òjìji Faransé. Àti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960 tí Hubert Maga kéde òmìnira rẹ̀. Ní 1975 ni orúkọ ilẹ̀ náà yí padà sí Bẹ̀nẹ̀. Tógò ti ṣáájú wọn ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1960, lábẹ́ Sylvanus Olympio, ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti Brazil dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà.

Ojú ìwé kan yẹn tó.

Ta ni kí ẹ lọ bá?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ bá ẹni tí ó ṣe òṣèlú tàbí ẹni tí ó ka ìwé jù ní ìlú. Èmi kò rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ti sọ ìtàn wọn léraléra débi pé ó ti dán bí okúta odò, ohun tí wọ́n sì kà nínú ìwé ìròyìn lẹ́yìn náà ti dà pọ̀ mọ́ ohun tí ojú wọn rí. Ẹ wá ìyá tí ó ta iyọ̀ nígbà ogun Hítílà, nígbà tí iyọ̀ di góòlù. Ẹ wá ọmọ akódà, ẹni tí ó ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀, awakọ̀ tí ó ń ná Èkó sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), olùkọ́ tí ó kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́, àgbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gé igi kòkó rẹ̀ nítorí àrùn. Ẹ wá àwọn obìnrin ní pàtàkì. Lẹ́nu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ùn, ẹni tí ọ̀rọ̀ owó orí sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè sọ ohun tí gómìnà kò mọ̀.

Bí ẹ bá ní ẹbí tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà náà, ẹ má gbàgbé wọn. Láti 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ níbẹ̀. Àgbà kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1955 rí òpin ìjọba náà láti inú ilé tí ìjọba náà ti jáde wá, ojú tí ó fi wò ó sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn.

Ẹ béèrè ohun, ẹ má béèrè ọjọ́

Bí mo bá ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo láti fún yín, òun nìyí. "Kí ni òmìnira túmọ̀ sí fún yín?" jẹ́ ìbéèrè tí ó ń mú kí àgbà wá ọ̀rọ̀ tí yóò dùn létí yín. "Owó wo ni ẹ fi ra aṣọ ọdún náà?" jẹ́ ìbéèrè tí ó ń gbé wọn padà sí inú ọjọ́ náà.

Owó ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé owó wo ni wọ́n kọ́kọ́ ná láyé wọn, àti ohun tí wọ́n fi rà. Ẹ ó gbọ́ nípa kọ́bọ̀ tí ó ní ihò láàárín, tí wọ́n máa ń so mọ́ okùn, ẹ ó gbọ́ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti pọ́n-ùn. Owó kan náà ni àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ń ná, títí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi gbé pọ́n-ùn tiwa jáde ní 1959. Náírà kò dé títí di ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973, tí wọ́n ka náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. Nítorí náà, bí ìyá kan bá ní ṣílè márùn-ún ni òun fi ra aṣọ tí òun wọ̀ lọ́jọ́ òmìnira, ọ̀rọ̀ náà bá àkókò mu. Bí wọ́n bá ní náírà, kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọkàn wọn ti bá wọn ṣẹ́ owó náà sí ti òde òní ni. Ẹ rọra bi wọ́n pé, "Èló ni wọ́n ń pè é nígbà náà, Ìyá?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni iye gan-an yóò jáde, tí orúkọ ẹni tí ó ta aṣọ náà yóò sì tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn owó ni owó orí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná. Ẹ béèrè ẹni tí ó ń gbà á, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọmọkùnrin kan ti tó o san, ibi tí àwọn tí kò rí i san ń sá pamọ́ sí, àti bóyá rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe ni ó dá ogun Àdùbí sílẹ̀ láàárín àwọn Ẹ̀gbá ní 1918, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira Ẹ̀gbá mọ́ wọn lọ́wọ́. Owó orí kan náà ni ó tún mú kí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń san tiwọn láìní aṣojú kan nínú ìgbìmọ̀, kó ara wọn jọ ní 1947 lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, kí wọ́n sì kún iwájú ààfin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n kò padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi dá owó orí obìnrin dúró, tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù kìíní 1949 ni ó kọ̀wé fi oyè sílẹ̀, kò sì padà sórí ìtẹ́ títí di ìparí 1950. Mo máa ń ka ìtàn yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá sọ pé òyìnbó kàn fi òmìnira ta wá lọ́rẹ ni. Bí ẹ bá rí ìyá kan tí ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n lọ síbẹ̀, ẹ jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó wọlé ní 1955 yóò fi hàn yín, láìsí pé ẹ bẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ní kí ó gbé ọwọ́ kọjá lórí orí rẹ̀ kí ó fi kan etí òdìkejì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tí ó ti tó ilé ìwé nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí kò kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Ẹ béèrè orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ òmìnira, àsíá tí wọ́n fún wọn, ife tàbí àwo tí wọ́n mú lọ sílé. Orin orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, tí a pa tì ní 1978, padà ní 2024. Àwọn àgbà kan tí wọ́n ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ wọn kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún yín. Orin a máa ṣí ibi tí ìbéèrè kò lè ṣí.

Ìbéèrè mìíràn tí mo fẹ́ràn púpọ̀ ni ti ajẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ìjọba amúnisìn fi ṣàkóso agbègbè kan. Ní ìlú púpọ̀, ilé kan wà lórí òkè tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ń gbé, tí ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́. Ẹ béèrè pé ta ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbé inú ilé náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, àti ohun tí àwọn ènìyàn sọ nígbà tí wọ́n rí i. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ju ẹnìkan lọ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbà nínú ọkàn wọn pé òyìnbó ń lọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fa àsíá. Èmi náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí: ìjọba amúnisìn kò kú lóru ọjọ́ kan, ó ń fi àga sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àga mìíràn sì wà tí kò fi sílẹ̀ títí di ìgbà tí òmìnira ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ààlà

Ẹni tí ó bá wá láti Kétu, Ìmẹ̀kọ, Sábẹ̀ẹ́, Ìdí-Ìrókò tàbí Àjàṣẹ́ ní ohun tí àwa yòókù kò ní: ẹbí rẹ̀ rí ìjọba amúnisìn méjì. Ní oṣù kẹjọ 1889, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà kan sórí ìwé, wọ́n sì pín ilẹ̀ Kétu sí méjì, tí ìlú Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ tí ó ń wárí fún Alákétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó wà lápá Faransé ń ṣe iṣẹ́ àfipáṣe lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń mú ọmọkùnrin rẹ̀ sí iṣẹ́ ológun. Nítorí èyí ni àwọn agbo ilé kan ṣe dìde lóru, tí wọ́n kọjá sí apá ìlà-oòrùn, tí wọ́n kò sì padà mọ́.

Ẹ bi àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ìbéèrè kan náà, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ni ó kọ́kọ́ kọjá nínú ẹbí? Ta ni ó dúró, kí sì ni ìdí rẹ̀? Níbo ni wọ́n ti gbọ́ nípa òmìnira àwọn ará ọ̀hún? Dàhòmì gba tirẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú Nàìjíríà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọmọ Ìmẹ̀kọ ti jẹ àsè òmìnira ní Kétu kí tirẹ̀ tó dé. Ẹ bi awakọ̀ bí ó ṣe ń yí ọwọ́ padà ní ibodè, nítorí ọwọ́ òsì ni a ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọwọ́ ọ̀tún sì ni àwọn ará ọ̀hún ń gbà láti ìgbà Faransé. Ẹ bi oníṣòwò nípa owó. Sẹ́fà tí Faransé dá sílẹ̀ ní 1945 ni wọ́n ṣì ń ná ní Kétu lónìí, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ibẹ̀ fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n rò sí. Bí ẹ bá dé Wídà, ìlú etí òkun ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ béèrè ilé olódi kékeré tí àwọn Pọtogí kọ̀ láti fi sílẹ̀ títí ìjọba Dàhòmì fi gbà á ní 1961. Pọtogí náà wà lára àwọn amúnisìn tí ó pẹ́ jù lọ ní Áfíríkà. Ìgbà tí àwọn ológun dojú ìjọba wọn dé ní Lisbon ní 1974 ni ọ̀nà tó là fún Mòsáńbíìkì àti Àǹgólà, tí àwọn méjèèjì fi gba òmìnira ní 1975.

Bí a ṣe ń jókòó ti àgbà

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìkíni. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ mú nǹkan lọ́wọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe láìfi kánjú kún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ọjọ́ fún yín. Òwúrọ̀ ló dára jù fún ọ̀pọ̀ àgbà, kí ooru tó mú.

Ní ọjọ́ náà, ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tí ẹ ká, ní iwájú wọn, kí ó jìnnà sí fáànù àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì pa ìpè rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ohùn yín sọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà náà fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà kí ẹ gba ohùn àwọn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ àgbà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ẹ ka ogún nínú ọkàn yín kí ẹ tó béèrè òmíràn. Ẹ má ṣe tún èdè wọn ṣe. Bí wọ́n bá ń sọ Ìjẹ̀bú, Èkìtì tàbí Kétu, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan ìgbà náà wà nínú ẹ̀ka èdè yẹn, ó sì lè má sí níbòmíràn. Bí ọkọ àti aya bá wà láyé, ẹ gbọ́ ti olúkúlùkù lọ́tọ̀, tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí níṣojú ọkọ, ọ̀pọ̀ ìyá a máa fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un.

Wákàtí kan tó fún ìjókòó kan. Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ ó rí i pé wọ́n ti ń ronú lórí rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ìjókòó kejì ni ó sì sábà máa ń dára jù.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti oyè. Nínú ìtàn owó orí àti ti kóòtù ìbílẹ̀, ẹ ó gbọ́ pé ìdílé báyìí ni ó gba ilẹ̀ báyìí nípasẹ̀ ajẹ́lẹ̀, tàbí pé oyè kan kì í ṣe ti àwọn tí ó ń jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà. Ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ pa á mọ́ lọ́tọ̀, ẹ má sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rọ̀ bá kan nínà, ìtìmọ́lé tàbí ìdójútì, kí ẹ sì rí i pé ojú wọn yí padà, ẹ bi wọ́n bóyá kí ẹ pa fóònù. Àgbà kan fi ìdajì wákàtí sọ bí wọ́n ṣe na bàbá rẹ̀ níwájú ọjà nítorí owó orí, ó ní òun kò tíì sọ ọ́ fún ọmọ òun kankan rí. Ohùn náà wà lọ́wọ́ mi, kò sì ní jáde, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fẹ́.

Ìfiwéra

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó kọ ọ́ bí ohun tí ó dájú, kí ẹ sì mọ àwọn ibi tí ìrántí ti sábà máa ń dà pọ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, àjọ̀dún méjì wà, ti ìjọba ara-ẹni ní 1957 àti ti òmìnira ní 1960, ọ̀pọ̀ àgbà sì ti so méjèèjì pọ̀ di ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá sọ pé Ọbabìnrin wá fún òmìnira, 1956 ni wọ́n ń rántí. Ọmọ-ọba Alexandra, ìbátan rẹ̀, ni ó ṣojú rẹ̀ ní 1960. Bí wọ́n bá dárúkọ wẹ́tíẹ̀, ìjà òṣèlú tí wọ́n ti ń da epo sí ènìyàn àti ilé lára kí wọ́n tó dáná sun wọ́n, iná tí wọ́n ń sọ ń jó ní nǹkan bí 1965, nígbà tí òyìnbó ti lọ, tí ẹgbẹ́ òṣèlú sì ń bá ara wọn jà. Lápá Bẹ̀nẹ̀, ẹ wo bóyá 1958 ni wọ́n ń sọ tàbí 1960. Ẹ má ṣe já wọn nírọ́ lójú. Ẹ béèrè bóyá òjò ń rọ̀, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ wọn, ọmọ tí wọ́n gbé dání, ọdún náà yóò sì fi ara hàn.

Lẹ́yìn ẹnu àgbà, ẹ lọ bá ìwé. Ibi ìkówèé-ìtàn-pamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ wà: ìròyìn lórí ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ìlú, àkọsílẹ̀ owó orí. Àjàṣẹ́ ni ti Bẹ̀nẹ̀ wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kew ni kí ẹ lọ. Ní Faransé, Aix-en-Provence. Ẹ máa rántí pé ajẹ́lẹ̀ ni ó kọ àwọn ìwé wọ̀nyí fún ọ̀gá rẹ̀, ohun tí yóò mú inú ọ̀gá dùn ni ó sì sábà máa ń kọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí àìsí ìwé mú yín rò pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ẹrù rẹ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n sun fáìlì tí ó lè dójú tì í, kí wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ sílé ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn àgbà Kẹ́ńyà tí wọ́n jìyà nínú ìjà Mau Mau, èyí tí wọ́n bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní àwọn ọdún 1950, ni ó fi ẹjọ́ mú kí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2011: ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì láti ilẹ̀ 37 ni wọ́n bá ní ibi tí wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí. Ní 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti san nǹkan bí mílíọ̀nù ogún pọ́n-ùn fún àwọn tí ó lé ní 5,000 nínú wọn. Ẹ̀rí ẹnu ni àwọn àgbà yẹn gbé lọ sí kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àpá tí ó wà lára wọn, kí ìwé tó jáde láti tì wọ́n lẹ́yìn.

Kíkọ ọ́, àti dídá a padà

Ẹ tẹ́tí sí ohùn náà lọ́jọ́ kejì, kí ohun tí ẹ rí pẹ̀lú ojú má tíì kúrò lọ́kàn yín. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ fi ohùn àti ìwé náà sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí. Níbi tí ọdún kò bá dájú, ẹ kọ pé, "ṣáájú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́" tàbí "lẹ́yìn tí Ọbabìnrin wá", bí àwọn fúnra wọn ṣe kà á. Ọdún tí ẹ bá fi ipá wá yóò ṣi ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́nà. Ẹ ya àwòrán rìsíìtì, owó àtijọ́, fọ́tò, àmì-ẹ̀yẹ ológun, kí ẹ sì dá wọn padà sínú àpótí lójú ẹni tí ó ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńláńlá, ẹ gbé e padà lọ, kí ẹ sì kà á sí etí wọn. Mo kà á fún ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa, ẹni tí ó wà ní kíláàsì kẹrin ní 1960. Mo ti kọ ọ́ pé ife aláwọ̀ ewé ni wọ́n fún wọn ní ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí n tó parí ìlà kẹta, wọ́n ní ife náà funfun, àwòrán ara rẹ̀ ni ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, ọ̀kan ni wọ́n sì fún àwọn àti àbúrò wọn láti pín, nítorí kò kárí. Mo fa kálàmù yọ, mo kọ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n sì ní kí n padà sí òkè kí n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.